Ẹ̀bẹ̀ Kì í Dá Ọjọ́ Dúró

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ̀bi, bí kò ṣe nítorí pé ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Arákùnrin wa kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan lápá Ring Road. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ọ̀gá gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n san owó ìtọ́jú, wọ́n sì ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn yóò rí sí i. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé e sí ẹnu géètì, kó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọlé. Ó wá bá wa. A wọlé lọ bá mánéjà, mánéjà rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní kí a fún òun láyè díẹ̀. A jáde, a sọ fún arákùnrin wa pé kó ní sùúrù. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, wọ́n fún un ní ìwé pé iṣẹ́ ti dín kù, kó máa lọ sílé.

Ìgbà yẹn ni a tó mú un lọ bá lọ́yà. Ohun tí lọ́yà kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ọjọ́ wo ni ẹ̀rọ gé e?" A dá a lóhùn. Ó tún béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni ẹ kọ̀wé béèrè owó gbà-máà-bínú?" A wo ojú ara wa. A kò kọ ìwé kankan. Gbogbo ohun tí a ṣe, ẹnu la fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá títí dònìí, nítorí àwa gan-an la ní kó ní sùúrù. Ìdí nìyí tí a fi jókòó, tí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ òfin, tí a sì ń kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀ fún yín.

ÒWE ILÉ ÀTI ÒFIN KÓÒTÙ

Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, níwájú àwọn àgbà. Bí ẹnì kan bá jẹ bàbá rẹ ní gbèsè, o lè gbé e lọ síwájú mọ́gàjí lẹ́yìn ogún ọdún, wọn yóò sì gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kóòtù ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ti fi gbèdéke lé oríṣiríṣi ẹjọ́: èyí oṣù mẹ́ta, èyí ọdún kan, èyí ọdún mẹ́fà. Bí gbèdéke bá ti kọjá, adájọ́ kò ní béèrè bóyá o jàre tàbí o jẹ̀bi. Yóò kàn ti ìwé rẹ padà ni. Òtítọ́ rẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá ọ gbé e yẹ̀ wò.

A kò sọ pé òfin gbèdéke kò nídìí. Ẹlẹ́rìí máa ń kú, ìwé máa ń sọnù, fóòmánù tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà á ti fẹ̀yìn tì lọ sí ìlú rẹ̀. Kò dára kí a máa fi ẹjọ́ ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn dẹ́rù ba ènìyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ọ̀gá mọ gbèdéke, lọ́yà wọn ń bá wọn kà á, àwa ni a kò mọ̀. Ẹni méjì tó ń ta ayò, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn mọ ìgbà tí eré yóò parí, a ti mọ ẹni tí yóò jẹ.

Ọ̀nà tí kóòtù ń gbà kà á kò le. Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1987 nínú ẹjọ́ tó wà láàrin Egbe àti Adefarasin. Wọn yóò wo ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ sọ pé wọ́n ṣẹ olùpẹjọ́, wọn yóò wo ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ìpẹ̀jọ́ náà wọlé ní kóòtù, wọn yóò sì ka ohun tó wà láàrin méjèèjì. Bó bá ju iye tí òfin sọ lọ, ó parí.

ẸNI TÍ IṢẸ́ BÁ ṢE LÉṢE

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ara àti ẹ̀mí wa. Láyé àtijọ́, Workmen's Compensation Act ni a ń lò. Employees' Compensation Act ti 2010 ló ti gba ipò rẹ̀. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, ó kéré tán, ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa san náírà 1 nínú gbogbo 100 náírà tó ń san fún òṣìṣẹ́ sínú àpò kan tí Nigeria Social Insurance Trust Fund, tí gbogbo wa mọ̀ sí NSITF, ń bójú tó. Owó ọ̀gá ni, kì í ṣe ara owó oṣù wa. Inú àpò yìí ni owó gbà-máà-bínú ti ń jáde fún ẹni tó fara pa, ẹni tí iṣẹ́ kó àrùn bá, àti ìdílé ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́.

Gbèdéke mẹ́ta ló wà nínú òfin yìí. Ẹ há wọn sórí bí ẹ ti há orúkọ ọmọ yín.

Èkínní, ọjọ́ 14. Láàrin ọjọ́ 14 tí ó bá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá, ìyẹn mánéjà, tàbí súpáfáísọ̀, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ níbi iṣẹ́, tàbí ẹni tó ń bójú tó ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kú, ẹbí rẹ̀ ni yóò sọ. Ẹ sọ orúkọ, ọjọ́, wákàtí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ ti fún wọn lóhun tí wọn yóò fi dí i lọ́nà.

Èkejì, ọjọ́ 7. Èyí kì í ṣe tiwa, ti ọ̀gá ni. Láàrin ọjọ́ 7, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ fún NSITF. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ẹ rí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi ròyìn. Bí wọn kò bá ní ẹ̀dà, ẹ mọ̀ pé wọn kò tíì ròyìn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ọdún 1. Láàrin ọdún kan, òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé béèrè owó gbà-máà-bínú. Bí ọdún kan bá kọjá, NSITF lè gba ìwé ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì tí kò fi lè tètè wá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ọdún 3 lọ, ọwọ́ wọn ni ìdájọ́ ìdí náà sì wà. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí díẹ̀ yìí ni a ń gbà báyìí fún arákùnrin wa tí ìka rẹ̀ gé. Títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò tíì gbọ́ èsì. Ìbá ṣe pé a kọ̀wé lóṣù àkọ́kọ́, ẹ̀tọ́ ni à bá máa béèrè. Ní báyìí, ojú àánú là ń wá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ lọ sílé, bóyá láti Olúyọ̀lé lọ sí Agbowó, òfin yìí kà á mọ́ ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé nítorí pé kò ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé iṣẹ́, kò kan ọ̀gá. Ọjọ́ 14 yín ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Àrùn ńkọ́? Eruku kì í gé ènìyàn níka lójijì. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀, ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ìlú Ọba ní 1963, ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin kan dé House of Lords, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù nígbà náà. Wọ́n pe ilé iṣẹ́ Jopling lẹ́jọ́ nítorí eruku tó ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Wọ́n pàdánù. Kóòtù ní àkókò ti ń lọ láti ìgbà tí eruku ti ba inú wọn jẹ́, bí àwọn fúnra wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àìsàn wà lára wọn. Àwọn adájọ́ pàápàá rí i pé òfin náà kò dára. Lọ́dún 1963 yẹn kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin mìíràn, pé ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì lè mọ̀, kó lè rí ààyè pe ẹjọ́. Ẹ rí i pé ọmọ ènìyàn ló ṣe gbèdéke, ọmọ ènìyàn sì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ ohùn àyà yín. Ọjọ́ tí ó bá sì sọ fún yín pé iṣẹ́ ló fa àìsàn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé ìwé rẹ̀ wá.

OṢÙ MẸ́TA ÌJỌBA

Èyí ni ó ń pa àwọn ará wa onímọ́tò. Dírẹ́bà kan nínú wa wà lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ní Challenge, kò ṣe nǹkan kan, nígbà tí ọkọ̀ ìjọba kan wá kọ lù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kí i ní ọsibítù, wọ́n mú èso wá, wọ́n ní fáìlì rẹ̀ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá. Oṣù márùn-ún ló fi ń lọ, tó fi ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, lọ́yà mi orí. Ó ní ilẹ̀kùn ti tì láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Òfin tó ti ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act. Ó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe, tàbí tó kọ̀ láti ṣe, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oṣù 3 péré ló ní. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Ibrahim àti ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ kóòtù ní Kaduna, Supreme Court ní kì í ṣe ènìyàn nìkan ni òfin náà ń dáàbò bò, ó ń dáàbò bo ilé iṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú. Ẹ má sì ṣe sọ pé, "Ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán." Òótọ́ ni pé òfin sọ pé bí ìpalára bá ṣì ń bá a lọ, ìgbà tó bá dáwọ́ dúró ni oṣù mẹ́ta yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù ti ṣàlàyé pé ìwà tó ń ṣe ìpalára ni ó gbọ́dọ̀ máa bá a lọ, kì í ṣe ìrora tó kù sílẹ̀. Ọkọ̀ kọ lù ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ yẹn ni òǹkà bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni òfin yìí ti wá? Àwọn òyìnbó ló mú un wá. Ọdún 1916 ni wọ́n fi lélẹ̀ níbí, nígbà tí àwọn fúnra wọn ń jókòó lórí wa. Ó jọ èyí tí wọ́n ti ṣe fún ara wọn ní Ìlú Ọba ní 1893, oṣù mẹ́fà ni tiwọn sì jẹ́. Ní 1939 wọ́n sọ tiwọn di ọdún kan. Nígbà tó di 1954, wọ́n pa á rẹ́ pátápátá, wọ́n ní kò yẹ kí ìjọba ní ààbò tí tálákà kò ní. Tiwa, oṣù mẹ́ta, ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀wù ti bọ́ ọ sọ nù láti ayé bàbá wa, àwa ṣì wọ̀ ọ́ títí dòní.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá lé òṣìṣẹ́, oṣù mẹ́ta yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi lé e kúrò ní kóòtù. Ṣùgbọ́n Supreme Court ti dá ẹjọ́ kan láàrin àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó orílẹ̀-èdè àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Johnson, tí ó jáde nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ ní 2019. Wọ́n ní òfin oṣù mẹ́ta kò kan àdéhùn iṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2007, wọ́n ti sọ irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pé kò kan àdéhùn láàrin ìjọba àti ẹni tó bá a dá òwò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ lè dúró lórí èyí. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ tètè wọlé kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí lọ́yà ìjọba má tilẹ̀ rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan tún ní gbèdéke tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ pe Nigerian Railway Corporation lẹ́jọ́, oṣù 12 ló ní, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé ìkìlọ̀ sí wọn, kó dúró fún oṣù 3 kó tó lè wọ kóòtù. Ẹni tó bá jókòó fún oṣù mẹ́wàá kó tó kọ ìwé ìkìlọ̀, ṣé ẹ rí i pé ó ti há sáàrin? Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù ní stéṣọ̀n Dúgbẹ̀ tàbí ní Mọ́níyà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ti ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin gbèdéke tí Western Region ṣe ní 1959, tí ìpínlẹ̀ wa jogún, fún ẹjọ́ lórí àdéhùn ní ọdún 6. Owó oṣù tí wọn kò san, owó ìkìlọ̀ ìdádúró tí wọ́n jẹ, ibẹ̀ ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lọ sí Èkó, ẹ mọ̀ pé lọ́hùn-ún, ẹjọ́ ìfarapa nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn, ọdún 3 ni. Ọdún mẹ́fà náà dà bí ohun tó pọ̀, àbí? Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la.

BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À MÁA RÍRAN

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ìwà tiwa ni ìpẹ̀tù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń wí. Nígbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, a ó wá ẹni tó mọ ọ̀gá, a ó rán ìyáàfin kan sí ìyàwó ọ̀gá, pásítọ̀ yóò dá sí i, ààfáà yóò dá sí i. Ìwà rere ni. Yúníọ̀nù pàápàá, ìjókòó yí tábìlì ká ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Supreme Court sọ ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC. Ẹnì kan ń béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ epo ìjọba náà. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ń dúnàádúrà, títí oṣù 12 tí òfin NNPC fún un fi kọjá. Nígbà tó dé kóòtù, ó ní ìdúnàádúrà ló fa ìdádúró. Kóòtù ní rárá: ìdúnàádúrà kì í dá àkókò dúró. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n yóò ti fi ìwé rẹ̀ sí kóòtù kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ tún un kà. Gbogbo "ẹ ní sùúrù", gbogbo "mo ń bọ̀ wá pè yín", gbogbo "fáìlì yín ti dé Abuja", kò sí ọ̀kan tó dá ọjọ́ dúró. Àwọn ọ̀gá mìíràn mọ èyí dáadáa. Wọn kò ní bá ọ jà. Wọn yóò fún ọ ní ìjókòó, wọn yóò fún ọ ní omi tútù, wọn yóò máa ka oṣù.

A kò ní kí ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ máa bẹ̀, kí ẹ máa wo kàlẹ́ńdà. National Industrial Court, kóòtù tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ń jókòó ní Ìbàdàn níbí. Bí ẹ bá ti fi ìwé síbẹ̀ lásìkò, ẹ ṣì lè jókòó kí ẹ parí rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́, kóòtù náà kò sì ní bínú. Ọ̀gá tó mọ̀ pé ìwé ti wọlé a máa tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù ju ẹni tó ń ka oṣù lọ.

Bí ọ̀gá bá sì gbà pé òun jẹ yín lówó, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ní ti gbèsè, ìwé tí onígbèsè fọwọ́ sí pé òun jẹ ẹ́ máa ń jẹ́ kí òǹkà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

ẸJỌ́ Ọ̀DARÀN ŃKỌ́?

Ẹnì kan bi wa nípàdé pé, "Ṣé bí oṣù bá ti kọjá, ẹ̀sùn olè tí wọ́n fi kàn mí náà ti kú?" Rárá o. Ní ti ẹjọ́ ọ̀daràn, àfi ibi tí òfin bá dìídì fi gbèdéke sí, àkókò kì í dí ìjọba lọ́wọ́. Ìpànìyàn, olè, jìbìtì, ogún ọdún lè kọjá kí wọ́n tó gbé ènìyàn lọ sí kóòtù ní Ìyágànkú tàbí ní Ring Road. Ibẹ̀ ni òwe bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́. Ohun ìyanu kan ni pé ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, tó tóbi jù, ní gbèdéke: Criminal Code ní ọdún 2 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé pé ẹ jalè kí wọ́n lè "fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀" tàbí kí wọ́n lè tètè san owó yín. Ìwé yẹn kò ní kú. Ẹ tún wo bí òṣùwọ̀n náà ṣe rí: ìjọba lè mú ọ lẹ́yìn ogún ọdún, ìwọ ní oṣù mẹ́ta láti mú ìjọba.

Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá tì yín mọ́lé láìtọ́, tàbí wọ́n lù yín nígbà ìyanṣẹ́lódì, ẹ má sọ ìrètí nù. Lábẹ́ ìlànà kóòtù ti 1979, oṣù 12 ni ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní láti pe ẹjọ́. Ìlànà tuntun ti 2009 mú gbèdéke náà kúrò. Òfin gbèdéke kò lè dí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe lè ṣe é fún ẹ̀tọ́ yìí, wọ́n lè ṣe é fún àwọn yòókù.

OHUN TÍ A NÍ KÍ A ṢE

A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sórí ìwé. Ohun tí a gbé síwájú ẹ̀ka wa nìyí.

1. Kí ìwé ńlá kan wà lọ́dọ̀ aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kí a kọ ọjọ́, wákàtí, ibi àti orúkọ ẹlẹ́rìí méjì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Níwájú rẹ̀, kí a kọ ọjọ́ tí gbèdéke yóò pé.

2. Kí a má fi ẹnu nìkan sọ nǹkan fún ọ̀gá mọ́. Ìwé méjì ni kí a kọ: kí a fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì, kí a mú un padà wálé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

3. Kí aṣojú òṣìṣẹ́ má sọ "ẹ ní sùúrù" fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìsọ iye ọjọ́ tí sùúrù náà ní. Bí ó bá kan ìjọba, oṣù kan péré ni ìdúnàádúrà. Oṣù kejì, ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kí a mú un lọ sí Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn ni láti ran aláìní lọ́wọ́.

4. Kí ẹgbẹ́ wa, láti ẹ̀ka dé olú ilé iṣẹ́, gbé e síwájú àwọn aṣòfin ní Àgọ́dì àti ní Abuja pé kí wọ́n pa òfin oṣù mẹ́ta yìí rẹ́, tàbí kí wọ́n fún tálákà ní iye ọdún kan náà tó ní lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé ọ̀gá tó bá fi ìlérí dá òṣìṣẹ́ dúró kò gbọdọ̀ fi ìdádúró náà jàre.

Àwọn kan yóò sọ pé yúníọ̀nù fẹ́ sọ gbogbo ènìyàn di ẹlẹ́jọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ má bá ilẹ̀kùn ní títì. Arákùnrin wa tí ìka rẹ̀ gé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu ni. Ìgbọràn náà ló fẹ́ pa á lára ju ẹ̀rọ lọ. Àwa tí a jẹ́ aṣojú yín gbà pé a ṣàṣìṣe níbẹ̀, a sì kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà tún un ṣe.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ni nínú ẹ̀ka iṣẹ́ mi tí nǹkan ṣe, tó sì ń retí ìlérí ọ̀gá? Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ka oṣù náà lórí ìka yín. Bí oṣù náà kò bá tíì pé, ẹ mú un wá bá wa lónìí. Ẹ má sọ pé ó dọ̀la.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa!